Àlejò Ọ̀sẹ̀ Ìdánwò

Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ní àkókò tí wọ́n ń wó àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n sì ń kó àwọn onílé lọ sí Sùúrùlérè. Afusat, akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wálé wá kàwé fún ìdánwò àṣekágbá rẹ̀. Ọjọ́ tó dé gan-an ni Jíbrílù, ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ àgbà, ti Ọ̀yọ́ dé pẹ̀lú agbádá sányán àti agboòrùn ńlá. Màmá àgbà ní Jíbrílù fẹ́ fi Afusat ṣe aya. Ó ní Afusat ni yóò mú un lọ kí ẹbí, òun náà ni yóò fi Èkó hàn án, kí ó wá sọ èsì nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí. Ó ní bó bá sì rí àlejò òun fín, kò sí ìdánwò kankan tí yóò lọ ṣe.

(Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Afusat jókòó, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Jíbrílù yọ jáde, agbádá rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà.)

JÍBRÍLÙ: O kú ìwé o.

AFUSAT: (kò gbójú sókè) Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá.

JÍBRÍLÙ: Kí lo ń kà tó mú ẹ fajú ro báyìí?

AFUSAT: Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ.

JÍBRÍLÙ: Ìyẹn náà wà nínú ìwé? Àwa mẹ́jọ ni ìyá mi kọ́ yanjú. Pàṣán kan ṣoṣo ni ìwé tó lò.

AFUSAT: Ó hàn lára yín.

JÍBRÍLÙ: Kí ló hàn?

AFUSAT: Ẹ̀kọ́.

JÍBRÍLÙ: (ó tún etí fìlà ṣe) Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Wá, Afusat, ìwọ tí o ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, ta ló ń kọ́ ìwọ náà?

AFUSAT: Olùkọ́ wa.

JÍBRÍLÙ: Ta ló kọ́ òun náà?

AFUSAT: Olùkọ́ tiẹ̀.

JÍBRÍLÙ: Gbogbo yín wá ń kọ́ ara yín. Ọjọ́ wo lẹ wá ń se ọbẹ̀?

AFUSAT: (ó pa ìwé dé) Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bọ̀ọ̀dá. Màmá ní kí n mú yín jáde kí oòrùn tó mú.

JÍBRÍLÙ: Kí o mú èmi jáde? Màmá ò mọ̀ ni. Èkó tí o rí yìí, mo mọ̀ ọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ mi.

AFUSAT: Ẹ ti wá rí?

JÍBRÍLÙ: Dáadáa.

AFUSAT: Nígbà wo?

JÍBRÍLÙ: Nígbà tí ìyá mi lóyún mi. Ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

AFUSAT: Ẹ wá ń ríran láti inú lọ́hùn-ún?

JÍBRÍLÙ: Mò ń gbọ́ ariwo. Ẹni tó bá ti gbọ́ ariwo Èkó, kí ló kù tí kò tíì mọ̀ níbẹ̀?

AFUSAT: Ẹ ṣáájú nígbà náà. Olówógbowó là ń lọ. Ẹ mọ ọ̀nà.

JÍBRÍLÙ: Orúkọ rẹ̀ ti júwe ara rẹ̀. Ibi tí olówó ti gba owó ni. Ẹni tí mo bá rí tó gbé àpò owó dání, òun ni mo máa tẹ̀ lé.

AFUSAT: Ẹ tẹ̀ lé e dáadáa. Ẹ óò bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀dọ̀ Mọ̀núrù, àbúrò ìyá Afusat, ni wọ́n lọ ní Olówógbowó. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kún fún kóòtù àti ṣòkòtò àwọn akọ̀wé. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀.

(Ojú títì. Afusat ń rìn kíákíá, Jíbrílù ń tẹ̀ lé e, ó ń gbọn eruku kúrò láyà agbádá.)

AFUSAT: Ẹ rí ohun tí ẹ fojú mi rí?

JÍBRÍLÙ: Èmi gan-an ló yẹ kí n bínú. Àbúrò ìyá ẹ ò lọ́yàyà.

AFUSAT: Ta ni kò lọ́yàyà?

JÍBRÍLÙ: Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, àyà mi kan ilẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo bi í léèrè ilé, mo bi í léèrè àwọn ọmọ. Kò dáhùn. Kò tilẹ̀ ṣe "hẹn."

AFUSAT: Bọ̀ọ̀dá, ère ni! Ère igi tí wọ́n fi ń gbé kóòtù kọ́, kí oníbàárà lè rí i!

JÍBRÍLÙ: Mo mọ̀ pé igi ni.

AFUSAT: Ẹ mọ̀ pé igi ni, ẹ wá ń bi í léèrè àwọn ọmọ?

JÍBRÍLÙ: Igi náà máa ń bímọ. Kí ni wọ́n ń pè ní èso?

AFUSAT: Kò lórí! Ère yẹn ò lórí, Bọ̀ọ̀dá!

JÍBRÍLÙ: Mo rò pé ó bẹ̀rẹ̀ ni, pé ó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

AFUSAT: Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù fúnra wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n sún sẹ́yìn, kí ẹ lè ráyè kí ọ̀gá wọn.

JÍBRÍLÙ: Ó fi okùn kọ́ ọrùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹran là ń so okùn mọ́ lọ́rùn.

AFUSAT: Téèpù ni wọ́n fi kọ́rùn! Òun ni wọ́n fi ń wọn aṣọ! Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ ló dojú bolẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún wọn lọ́wọ́.

JÍBRÍLÙ: Ṣé o wá rí i? Mo dé ibẹ̀, inú wọn dùn. Ìwọ tí o ru ìwé láti àárọ̀, ta lo pa lẹ́rìn-ín?

(Afusat wo ìwé tó wà lábíyá rẹ̀. Láti àárọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ti rí.)

Ọjọ́ kejì, àwọn ẹbí tó kù ní Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó ni wọ́n lọ kí. Jíbrílù jẹun ní gbogbo ilé tí wọ́n wọ̀, ó sì ṣàlàyé fún gbogbo onílé bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ́ ilé wọn. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Màmá àgbà ní kí Afusat fọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ fún àlejò, kí àlejò lè mọ irú ọwọ́ tó ní.

(Yàrá àlejò. Jíbrílù jókòó sórí ẹní, àwo kan wà níwájú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn.)

JÍBRÍLÙ: Kí nìyí?

AFUSAT: Ẹ̀wà.

JÍBRÍLÙ: Ẹ̀wà nígbà wo?

AFUSAT: Báwo ni "nígbà wo"? Ẹ̀wà ni.

JÍBRÍLÙ: Mo mọ̀ pé ó ti jẹ́ ẹ̀wà rí. Kí ni wọ́n ń pè é báyìí?

AFUSAT: Ó jóná díẹ̀ ni. Mò ń kàwé nídìí iná, mi ò tètè mọ̀.

JÍBRÍLÙ: Kí lo ń kà lọ́wọ́ nígbà tó ń jó?

AFUSAT: (ó rọra dáhùn) Ìtọ́jú ilé.

JÍBRÍLÙ: Kí lo wí?

AFUSAT: Mo ní ìtọ́jú ilé! Orí ìwé kan ni. Wọ́n máa béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò.

JÍBRÍLÙ: O kà á dé ibo?

AFUSAT: Mo kà á dé ìdajì.

JÍBRÍLÙ: Jọ̀wọ́ má kà á parí. Ìdajì ni ìkòkò fi jóná. Bí o bá kà á tán, ilé ló kù.

AFUSAT: Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ fi sílẹ̀.

JÍBRÍLÙ: Àlejò ni mí, àlejò kì í ṣa oúnjẹ. (Ó bù ú sẹ́nu, ó dijú.) Ó dúdú bíi tàdáwà. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, ahọ́n mi á lè kọ̀wé.

AFUSAT: Ó máa dára. Á jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí nǹkan kan lára yín máa kọ̀wé.

JÍBRÍLÙ: (ó ń jẹ ẹ́ lọ) Ìwé kò ṣe é fi jẹ ẹ̀kọ.

AFUSAT: Ẹ̀yin kò sì ṣe é fi kọ́ ẹ̀kọ́.

JÍBRÍLÙ: (ó na àwo sí i) Ó ṣẹ́kù nínú ìkòkò?

AFUSAT: Ẹ̀yin lẹ ní ó dúdú!

JÍBRÍLÙ: Òru náà dúdú. Ṣé a kì í sùn nínú rẹ̀ ni?

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ sí Ọbáléndé, lọ́dọ̀ àǹtí bàbá Afusat. Ìdí ọkọ̀ ni ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Kí Afusat tó rí Jíbrílù mú, oòrùn ti yí, Jíbrílù sì ní àfi kí òun rí òkun kí àwọn tó wọlé.

(Màríínà. Ọkọ̀ òkun ńlá kan dúró sí èbúté. Afusat fara ti igi kan, bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́, okùn rẹ̀ ti já.)

JÍBRÍLÙ: Ọkọ̀ yìí ti bàjẹ́.

AFUSAT: Ta ló sọ fún yín?

JÍBRÍLÙ: Ó dúró. Ọkọ̀ tó bá yè máa ń lọ.

AFUSAT: Wọ́n ń já ẹrù ni.

JÍBRÍLÙ: O ò rí gbogbo ihò tó wà lára rẹ̀? Ìbọn ló dá wọn lu. Ogun Hítílà ni.

AFUSAT: Fèrèsé ni.

JÍBRÍLÙ: Mo mọ̀ pé fèrèsé ni. Ìbọn ló ṣí wọn.

(Afusat mí kanlẹ̀. Jíbrílù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wúkọ́.)

JÍBRÍLÙ: Afusat, jẹ́ kí n bá ẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó bá dára, èèyàn kì í jẹ́ kó dúró pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́. Bí o bá ń wò ó níran, ẹlòmíràn á wọ̀ ọ́ lọ.

AFUSAT: Ọkọ̀ lẹ ń wí àbí ọkọ?

JÍBRÍLÙ: Mú èyí tó bá wù ẹ́ nínú méjèèjì.

AFUSAT: Èyí tí mo bá máa wọ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń lọ.

JÍBRÍLÙ: Èmi ni mi ò mọ ibi tí mò ń lọ?

AFUSAT: Mo ní kí ẹ dúró kí n ra omi mu ní Ọbáléndé. Mo yíjú padà, mo rí yín nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Yábàá. Ẹ ń lu dírẹ́bà lẹ́jìká, ẹ ní ó ti ṣìnà!

JÍBRÍLÙ: Ó ṣìnà. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń lọ, òun wá ń lọ sí Yábàá.

AFUSAT: Yábàá ni wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀!

JÍBRÍLÙ: Wọ́n máa ń kọ "Olúwa ló mọ̀ ọ́n" síwájú ọkọ̀ náà. Ṣé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ọ̀hún ń lọ?

AFUSAT: Mo sáré tẹ̀ lé yín lójú títì. Bàtà mi já. Èmi tí mo fẹ́ di tíṣà, mò ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, àwọn àgbèrò ń pàtẹ́wọ́ fún mi!

JÍBRÍLÙ: Mo rí ẹ láti ojú fèrèsé. Orí mi wú. Mo sọ fún gbogbo èrò inú ọkọ̀ pé, "Ẹ wò ó, ìyàwó mi nìyẹn. Ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn mi tó."

AFUSAT: (bàtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀) Ẹ sọ kí ni?

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Màmá àgbà ní àlejò ò tíì rí ilé tí wọ́n kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Oníkan. Afusat bẹ̀bẹ̀ pé ọ̀la ni ìdánwò òun. Màmá ní ọ̀la kì í ṣe òní. Wọ́n wọlé síbẹ̀ jẹ́ẹ́, àmọ́ wọn ò jáde jẹ́ẹ́.

(Ìta, lẹ́bàá géètì. Jíbrílù ń tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká. Orúnkún aṣọ funfun Afusat ti pọ́n.)

AFUSAT: Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri! "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Mo kà á fún yín létí!

JÍBRÍLÙ: Mi ò fọwọ́ kàn án.

AFUSAT: Ẹ jókòó lé e lórí!

JÍBRÍLÙ: Ìdí ni mo fi kàn án. Ṣé wọ́n kọ ọ́ pé "ẹ má fìdí kàn án"?

AFUSAT: Àpótí ayé àtijọ́ ni! Àwọn ọba ló ń jókòó lé e!

JÍBRÍLÙ: Kí ni àwọn ọba fi jókòó lé e? Ṣé kì í ṣe ìdí ni? Ẹsẹ̀ ń ro mí, mo rí àpótí, mo jókòó. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ò bínú. Ọlọ́dẹ tí kò mọ gbígbẹ́ ni inú ń bí.

AFUSAT: Ẹ ò jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀! Ó ní "Ọ̀gá, àbẹ́g, kọmọ́t dia," ẹ ní irú àpótí náà wà nílé yín, adìẹ ló ń sùn lórí ẹ̀!

JÍBRÍLÙ: Òótọ́ ni mo sọ. Àgbébọ̀ funfun kan ni.

AFUSAT: Ó ní ọlọ́pàá lòun máa pè. Mo kúnlẹ̀! Níṣojú gbogbo ayé, mo kúnlẹ̀ fún ọlọ́dẹ, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni yín, pé ara yín ò yá...

JÍBRÍLÙ: O ní kí ni kò yá?

AFUSAT: Mo ní orí ń fọ́ yín!

JÍBRÍLÙ: Abájọ tó fi ń fi àánú wò mí. Mo rò pé agbádá mi ló wù ú.

(Afusat ń gbọn eruku kúrò lórúnkún aṣọ. Ọ̀sẹ̀ ti lọ, ìwé ò tíì dé ìdajì. Omi lé sí i lójú. Jíbrílù wò ó, ó ṣí agboòrùn rẹ̀, ó nà án sí i lórí.)

JÍBRÍLÙ: Má sunkún níta. Wọ́n á ní mo nà ẹ́.

(Afusat bọ́ kúrò lábẹ́ agboòrùn, ó gba inú oòrùn lọ sílé.)

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti yàrá mọ́rí, ó ju obì sẹ́nu kí oorun má bàa gbé e, ó sì ń kàwé. Ohun méjì ló ń há sórí: ìbéèrè ìdánwò, àti ọ̀rọ̀ rírọ̀ tí yóò fi kọ Jíbrílù tí ojú kò fi ní ti Màmá àgbà. Màmá bi í nípa ìdánwò láti inú àgbàlá, ó yọrí lójú fèrèsé, ó dá a lóhùn, ó sì ti fèrèsé. Kò pẹ́ tí Jíbrílù fi kan ilẹ̀kùn.

(Jíbrílù wọlé láì dúró kí wọ́n ní kó wọlé. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ẹnu Afusat kún fún obì.)

JÍBRÍLÙ: Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún Màmá.

AFUSAT: Kí lẹ gbọ́?

JÍBRÍLÙ: Pé lọ́la lo máa kọ̀ ọ́.

AFUSAT: Lọ́la ni. Màá kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ò ní kí n má kọ ọ́.

JÍBRÍLÙ: Láàárọ̀?

AFUSAT: Tí mo bá ti jẹun tán.

JÍBRÍLÙ: O tilẹ̀ lè jẹun ná!

AFUSAT: Ṣé inú òfìfo ni kí n fi kọ ọ́?

JÍBRÍLÙ: O ò lè kọ̀ ọ́ nínú ilé níbí, ní bòókẹ́lẹ́?

AFUSAT: Nínú ilé kẹ̀? Gbọ̀ngàn ńlá ni. Àwa bí ọgọ́rùn-ún la jọ ń kọ ọ́.

JÍBRÍLÙ: (ó di ilẹ̀kùn mú) Ọgọ́rùn-ún!

AFUSAT: Olúkúlùkù ló máa jókòó lọ́tọ̀. Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ wo ti ẹnìkejì.

JÍBRÍLÙ: Ìyẹn ni pé oníkálukú ló ní ìdí tiẹ̀.

AFUSAT: Òyìnbó kan á dúró sí iwájú, á máa ṣọ́ wa.

JÍBRÍLÙ: Ṣé Òyìnbó náà kọ̀ ọ́ ni?

AFUSAT: Òun ti kọ tiẹ̀ nílùú wọn tipẹ́.

JÍBRÍLÙ: Lókè òkun lọ́hùn-ún! Ibi tí mi ò dé rí!

AFUSAT: Kí ló yà yín lẹ́nu? Àwọn mìíràn ń kọ ọ́ léraléra. Àmúdàtù ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ lésìí, ó tún ń kọ ọ́ lọ́la.

JÍBRÍLÙ: Èmi ò mọ Àmúdàtù kankan! Èyí tó kọ̀ ọ́ lésìí ò tó o ni?

AFUSAT: Wọ́n ní kò kọ ọ́ dáadáa.

JÍBRÍLÙ: Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ̀ ọ́ dáadáa?

AFUSAT: Èèyàn á fara balẹ̀, á mọ ohun tó fẹ́ sọ, á sọ ọ́ ní kúkúrú, kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Tí agogo bá ti lù, ó parí. Wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi okùn dì í pinpin, wọ́n á sọ ọ́ sínú ọkọ̀, ó di Ìbàdàn.

JÍBRÍLÙ: (ó jókòó lójijì) Wọ́n á fi okùn dì í?

AFUSAT: Kí ẹnikẹ́ni má bàa yọjú wò ó lọ́nà. Tó bá dé Ìbàdàn, àwọn ọ̀gá á tú u, wọ́n á fi tàdáwà pupa sàmì sí i lórí.

JÍBRÍLÙ: (ó fò dìde) Sàmì! Sí èmi lórí! Afusat, Mùsùlùmí ni mí! Bàbá mi ti dé Mẹ́kà! Ẹ kọ̀ mí, ó tó, ẹ tún fẹ́ sọ mí di Kìrìsìtẹ́ẹ́nì!

(Afusat tutọ́ obì dànù.)

AFUSAT: Ta ló kọ̀ yín? Ìdánwò ni, Bọ̀ọ̀dá! Ìdánwò tí mò ń kọ! Kọ, bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé! Kì í ṣe kọ̀!

JÍBRÍLÙ: Ìdánwò.

AFUSAT: Ìdánwò!

JÍBRÍLÙ: (ó jókòó padà) Mo mọ̀ pé ìdánwò ni.

(Afusat rí i pé àyè tí òun ti ń wá láti ọjọ́ Ajé ti ṣí sílẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó fọwọ́ lérí ọwọ́.)

AFUSAT: Bọ̀ọ̀dá Jíbrílù, ẹ ti mú mi dé ibi ọ̀rọ̀. Èèyàn pàtàkì lẹ jẹ́. Ìran yín dára. Àmọ́...

JÍBRÍLÙ: Má wulẹ̀ fi itọ́ ṣòfò.

AFUSAT: Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, mo ti há a sórí. Èèyàn pàtàkì lẹ jẹ́...

JÍBRÍLÙ: O ti sọ ìyẹn. Afusat, mo ti lọ bá Màmá lẹ́yìn ìrun Alásárì. Mo ní mi ò fẹ́ mọ́.

AFUSAT: Ẹ ò fẹ́ kí ni?

JÍBRÍLÙ: Ìwọ.

(Ìwé já bọ́ lórí itan Afusat.)

AFUSAT: Èmi?

JÍBRÍLÙ: Mi ò bà ẹ́ lórúkọ jẹ́. Mo ní ọmọ dáadáa ni, pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Ohun tó mú kí inú bí mi nìyẹn nígbà tí mo gbọ́ pé lọ́la lo fẹ́ kọ̀ mí. Mo ní ẹni tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, ẹ tún wá fẹ́ kó ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ láti lé e.

AFUSAT: Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún igi! Ẹ̀yin lẹ kọ èmi?

JÍBRÍLÙ: Ṣé o fẹ́ mi ni?

AFUSAT: Mi ò fẹ́ yín! Ká ní ẹ̀yin nìkan ló kù lórí ilẹ̀, igi yẹn ni màá fẹ́!

JÍBRÍLÙ: Kí ló wá dé tí o ń pariwo?

AFUSAT: Nítorí pé ìdí gbọ́dọ̀ wà! Wọn kì í ṣàdédé kọ èèyàn! Kí ni mo ṣe?

JÍBRÍLÙ: Kí ni iṣẹ́ mi?

AFUSAT: Hẹn?

JÍBRÍLÙ: Láti ọjọ́ Ajé la ti jọ ń rìn. Kí ni mò ń ṣe jẹun?

AFUSAT: (ó wo àjà, ó wo ilẹ̀) Ẹ ń... ẹ ń ta aṣọ.

JÍBRÍLÙ: Alápatà ni mí.

AFUSAT: Ó jọra wọn.

JÍBRÍLÙ: Aṣọ àti ẹran?

AFUSAT: Méjèèjì náà lẹ máa ń gé.

(Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ sá mọ́ Jíbrílù lẹ́nu, ó gbé e mì.)

JÍBRÍLÙ: Mo mọ̀ pé ẹnu mi gbòòrò, Afusat. Mo máa ń sọ̀rọ̀ kọjá ohun tí mo mọ̀. Àmọ́ n ò rí ọjọ́ kan tí o bi mí ní nǹkan nípa ara mi, àfi kí o máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ kíláàsì kìíní. Ọkùnrin tó bá fẹ́ tíṣà, nígbà wo ni wọ́n máa lu agogo fún un pé kó máa lọ sílé?

(Ọ̀rọ̀ náà dun Afusat dé egungun, inú sì tún ń bí i pé ó dùn ún.)

AFUSAT: Kí ni Màmá wí?

JÍBRÍLÙ: Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n sì dúpẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta rèé tí àwọn ti ń wá ẹnu tí àwọn máa fi sọ fún mi pé kí n má fẹ́ ẹ, pé àwọn náà jẹ nínú ẹ̀wà yẹn.

AFUSAT: Màmá tèmi!

JÍBRÍLÙ: (ó gbé ẹrù sórí, ó mú agboòrùn) Ọkọ̀ ojú irin ń dúró dè mí ní Ìdó. Ó dìgbòóṣe.

(Ó jáde. Afusat wo ìwé tó ṣubú, kò mú un. Ó sá tẹ̀ lé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń ṣílẹ̀kùn.)

AFUSAT: Ẹ padà wá! Ẹ padà wá jókòó! Èmi ni mo fẹ́ kọ̀ yín! Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ta ni kí n wá sọ ọ́ fún?

JÍBRÍLÙ: (láti ojú títì, láì bojú wẹ̀yìn) Lọ sùn, Afusat. Tó bá dọ̀la, kọ ti ìjọba. Tèmi, mo ti bá ẹ kọ̀ ọ́ tán.